4K ni wọ́n kọ sí i, àwòrán ṣì ń fọ́: ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí fídíò

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí ló ń ké igbe kan náà: kámẹ́rà dára, wọ́n ṣiṣẹ́ kára, síbẹ̀ àwòrán tí oníbàárà ń rí kò mọ́. A mú méje nínú wọn. Resolution tí ẹ ó máa bá pàdé nínú ìdáhùn wa ni iye píksẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹyọ àmì àwọ̀ kéékèèké, tó wà nínú àwòrán. Bitrate ni iye dátà tí fáìlì ń ná ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Mẹ́gábíìtì, Mb/s, la fi ń wọ̀n ọ́n.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ya fídíò ìgbéyàwó kan ní 4K, mo sì gbé e jáde ní 4K pẹ̀lú 8 Mb/s kí ó lè gba inú flash tí ìyàwó mú wá. Ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà gbé tirẹ̀ jáde ní 1080p, 8 Mb/s kan náà. Tirẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Báwo ni 1080p ṣe wá ju 4K lọ?
*Onífídíò, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Àwòrán 1080p ní píksẹ́lì 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,073,600. 4K ní 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró, ìyẹn 8,294,400, ìlọ́po mẹ́rin gééré. Bí fìrémù, ìyẹn ẹyọ àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò, bá jẹ́ 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 1080p ní píksẹ́lì bíi mílíọ̀nù 52 láti bọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, 4K sì ní mílíọ̀nù 207. Ẹ wá pín 8 Mb/s láàárín wọn. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan nínú 1080p yóò rí bíìtì 0.15, ti 4K yóò rí bíi 0.04 péré. Ìkòkò ìrẹsì kan náà lẹ jọ sè: ẹlẹgbẹ́ yín fi bọ́ àádọ́ta àlejò, ẹ̀yin fi bọ́ igba.

Ẹ má rò pé 0.15 náà ti kéré jù. Àwòrán 1080p tí a kò fún pọ̀ rárá, ní ìlànà àwọ̀ 8-bit 4:2:0 tó wọ́pọ̀, ń jẹ bíìtì 12 fún píksẹ́lì kan, ìyẹn bíi 622 Mb/s. Kí ó tó di 8 Mb/s, encoder, ìyẹn ètò tó ń fún fídíò pọ̀, ti fún un pọ̀ dé ìdá kan nínú bíi 78. Bó ṣe ń ṣe é ni pé kì í kọ gbogbo fìrémù sílẹ̀ lódindi. Ó ń pín àwòrán sí àpótí kéékèèké, nínú H.264, ọ̀nà ìfúnpọ̀ kan tó wọ́pọ̀, píksẹ́lì 16 ní ìbú àti 16 ní òró ni àpótí kan. Fìrémù kan ni yóò kọ sílẹ̀ tán pátápátá, èyí ni wọ́n ń pè ní keyframe. Fún àwọn tó tẹ̀ lé e, yóò wá ibi tí àpótí kọ̀ọ̀kan ti ṣí kúrò nínú fìrémù mìíràn, yóò kọ ọ̀nà tó gbà, yóò sì kọ ìyàtọ̀ tó bá ṣẹ́ kù. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ló tún ń gé: ó ń yọ ohun tínńtínní tí ojú kì í tètè rí, bí ojú òwú aṣọ, irun orí àti ewé igi. Bí bíìtì bá ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yọ sí i. Tó bá wá yọ ọ́ yọ ọ́ débi pé àpótí kan kò ní ju àwọ̀ kan ṣoṣo lọ, etí àwọn àpótí kò ní bára mu mọ́. Ohun tí ẹ rí nìyẹn tí ẹ fi sọ pé àwòrán ń fọ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo bitrate tí àyè yín gbà, kí ẹ tó yan resolution. Fún òde àríyá ní H.264, fìrémù 25, àmọ̀ràn wa nìyí: bí ẹ bá ní 4 tàbí 5 Mb/s, 720p ni kí ẹ lò, 8 sí 12, 1080p, ẹ má gbé 4K jáde fún àríyá bí bitrate kò bá tó 35. Fún àwòrán tó fara balẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó jókòó níwájú ògiri, 4K lè mọ́ ní bíi 25 torí pé ohun tó ń yí padà níbẹ̀ kò pọ̀.

Yíyà ní 4K kò burú o. Ẹ yà á ní 4K, kí ẹ wá gbé e jáde ní 1080p. Píksẹ́lì mẹ́rin yóò para pọ̀ di ọ̀kan, ẹyọ kéékèèké tó ń hó lójú àwòrán yóò rọlẹ̀, ẹ ó sì tún ní àyè láti gé ẹ̀gbẹ́ tàbí sún mọ́ ojú ìyàwó nígbà tí ẹ bá ń ṣe edit.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ìsìn òwúrọ̀ àti ìwàásù mọ́ nínú fídíò mi. Ní kété tí wọ́n dé gbọ̀ngàn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n owó, ohun gbogbo di àpótí-àpótí. Settings kan náà ni mo lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣé kámẹ́rà ló ti bàjẹ́ ni?
*Onífídíò, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Kámẹ́rà yín kò ṣe nǹkan kan. Settings kan náà tí ẹ lò ló fà á. Nígbà ìwàásù, ògiri ẹ̀yìn pásítọ̀ kò kúrò lójú kan. Fìrémù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ èkejì pátá, encoder kò sì rí nǹkan púpọ̀ kọ. Ẹ wá wo gbọ̀ngàn. Owó ń já bọ́, ó ń yí po lójú afẹ́fẹ́, iwájú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Léèsì olókùúta ń kọ mànà bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ti yíra díẹ̀. Iná aláwọ̀ oríṣiríṣi ń yí àwọ̀ ojú gbogbo ènìyàn padà lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín tí wọ́n tú fún ijó ọkọ àti ìyàwó kò ní ojú kan tí a lè dì mú. Nígbà tí iná kámẹ́rà àwọn ayàwòrán bá sì tún kọ, odindi fìrémù kan yóò funfun, kò ní jọ èyí tó ṣáájú, èyí tó tẹ̀ lé e kò sì ní jọ òun náà. Kò sí ibi tí encoder yóò ti yá nǹkan lò mọ́, ọ̀tun ni yóò máa kọ. 8 Mb/s tó pọ̀ jù fún ìwàásù kò wá tó fún ìnáwó.

Bí ẹ bá ń lo CBR, ìyẹn ni pé bitrate dúró sójú kan, ẹ fi í sílẹ̀. Nínú Premiere tí a fi ń ṣe edit, ẹ yan VBR 2 Pass, tí bitrate ti ń yí padà bí àwòrán bá ṣe fẹ́, kí target jẹ́ 10, kí maximum jẹ́ 20. Ní ìgbà àkọ́kọ́ encoder yóò wo gbogbo iṣẹ́ náà, ní ìgbà kejì yóò mú lára ohun tí ìwàásù kò nílò fún ìgbà tí owó ń fò. Bí títóbi fáìlì kò bá jẹ yín lógún, Constant Quality nínú HandBrake, ètò kan tí a fi ń fún fídíò pọ̀, tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ fi RF sí 20. Nọ́ńbà yìí ń lọ láti 0 dé 51, èyí tó bá kéré ló mọ́ jù. Bí ẹ bá fi mẹ́fà dín in kù, fáìlì yóò tóbi tó bí ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá fi mẹ́fà kún un, yóò sún mọ́ ìdajì. A kì í ju 23 lọ fún àríyá. Ẹ fi preset sí Slow. Bí ẹ bá ń fi káàdì ẹ̀rọ, bí NVENC, gbé iṣẹ́ jáde, yóò yá, ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ́ bitrate tó ga ju ti x264 (encoder H.264 tí HandBrake ń lò) lọ kí àwòrán tó rí bákan náà. Ẹ fi díẹ̀ lé e.

Ohun kejì ni ISO, ìyẹn ìwọ̀n tí kámẹ́rà fi ń gbé ìmọ́lẹ̀ ga. Nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn, ISO tó ga ń mú noise wá, àwọn ẹyọ tó ń hó yẹn. Nínú fìrémù kọ̀ọ̀kan ibi tí wọ́n wà ń yàtọ̀, encoder kò sì mọ̀ pé ìdọ̀tí ni. Ó rò pé nǹkan ń rìn ni, yóò sì máa ná bíìtì lé wọn lórí. Ojú àwọn ènìyàn ni ebi yóò wá pa. Ẹ ṣí lẹ́ńsì dé f/2.8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá gbà, ẹ gbé LED kékeré kan dání, kí ẹ sì dín ISO kù. Bí noise bá ti wọ inú rẹ̀ ná, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fún un pọ̀: nínú HandBrake, ẹ lọ sí Filters, ẹ yan NLMeans ní Denoise, kí ẹ fi sí Light. Medium àti Strong máa ń sọ awọ ojú di ike.

Ẹ tún wo shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún fìrémù kọ̀ọ̀kan. 50 Hz ni iná mànàmáná wa, nítorí náà fìrémù 25 tàbí 50 pẹ̀lú shutter 1/50 tàbí 1/100 ni kí ẹ lò. Ẹni tó bá fi 1/60 yà lábẹ́ iná gbọ̀ngàn yóò rí i tí àwòrán ń mọ́lẹ̀ tó ń ṣókùnkùn, èyí náà sì ń jẹ bíìtì, torí ìmọ́lẹ̀ gbogbo àwòrán ni ó ń yí padà láìdúró. Ẹ dín Sharpness inú kámẹ́rà kù pẹ̀lú. Ìlà funfun tínrín tó máa ń fi yí etí nǹkan ká kì í ṣe ẹ̀wà. Ẹrù ni fún encoder.

Ìbéèrè: A gbé fíìmù wa sórí YouTube ní 1080p. Lórí kọ̀ǹpútà wa ó mọ́ gaara. Lórí YouTube ó ṣe bàìbàì, òkùnkùn inú ìran alẹ́ sì pín sí ìlà gbọọrọgbọọrọ lára ògiri. Kí la lè ṣe?
*Olótùú fíìmù, Surulérè, Èkó*

Ìdáhùn: YouTube kì í fi fáìlì yín han ẹnikẹ́ni. Ó ń tún un fún pọ̀ sí oríṣiríṣi resolution, àwọn yẹn ni òǹwòran ń rí. Ẹ má retí pé ohun tí ẹ gbé lọ ni yóò jáde.

Ẹ kọ́kọ́ ní sùúrù. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e sókè, èyí tó kéré ló máa ń ṣe tán ṣáájú; HD máa ń tẹ̀ lé e, 4K máa ń pẹ́ jù. Ẹ fi fíìmù sí Private tàbí Unlisted títí 1080p yóò fi hàn nínú Quality, kí ẹ tó ṣí i fún gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ olùwòran tó kọ́kọ́ dé tó ń ráhùn pé fíìmù kò mọ́, 360p ni wọ́n rí.

Nípa bitrate tí ẹ fi gbé e lọ: YouTube dámọ̀ràn 8 Mb/s fún 1080p ní fìrémù 24 sí 30, 12 fún fìrémù 48 sí 60, 16 fún 1440p àti 35 sí 45 fún 4K. Lójú tiwa, ìsàlẹ̀ ilé nìyẹn. Bí àpótí bá ti wà nínú fáìlì yín, YouTube yóò kà á sí ara àwòrán, yóò sì ná bíìtì láti tọ́jú rẹ̀. Fún 1080p, ẹ gbé 16 sí 20 lọ bí dátà yín bá gbé e. Fíìmù wákàtí méjì ní 16 Mb/s jẹ́ GB 14.4, ní 8, GB 7.2. Bí owó dátà bá le, 12 kò burú.

Ohun tó wúlò jù nínú lẹ́tà yìí ni ti codec, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi òsì mouse sílẹ̀, ẹ tẹ ọ̀tún lórí fídíò náà, kí ẹ yan Stats for nerds, kí ẹ wo ìlà Codecs. Bí ó bá jẹ́ avc1, H.264 ni wọ́n fi fún un pọ̀, codec tó ti wà láti 2003. Bí ó bá jẹ́ vp09 tàbí av01, codec tuntun ni, tó ń pa ojú òwú mọ́ dáadáa ní bitrate kan náà. Ikanni tí òǹwòran rẹ̀ kò pọ̀ tó gbé 1080p lọ, avc1 ni wọ́n sábà máa ń fún un. Èyí tó bá dé ní 1440p tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni vp09 máa ń kàn, tí 1080p inú rẹ̀ náà á sì jàǹfààní. Nítorí náà, bí fíìmù yín tilẹ̀ jẹ́ 1080p, ẹ gbé e jáde ní 2560 × 1440 pẹ̀lú 24 Mb/s. Kò ní bí ẹyọ irun kan tí kámẹ́rà kò rí, ṣùgbọ́n yóò gba codec tó dára fún yín. Nínú FFmpeg, ètò tí a ń fi àṣẹ kíkọ darí:

ffmpeg -i fiimu.mov -vf scale=2560:1440:flags=lanczos -c:v libx264 -preset slow -b:v 24M -pix_fmt yuv420p -c:a aac -b:a 384k -movflags +faststart youtube.mp4

Ní ti ìlà ara ògiri: 8-bit ní ìpele 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìran alẹ́ kò ju bíi ogún lọ tó ń lò nínú wọn, nítorí náà òjìji tó yẹ kó máa yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele ìpele. Noise inú àwòrán ló ń bo ìpele yẹn mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Encoder gbá a dànù, ìpele wá yọrí síta. Bí ẹ bá lè yà á ní 10-bit, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tan iná sí ìran alẹ́ ju bí ojú ṣe ń rí alẹ́ lọ, kí ẹ fi contrast ṣe alẹ́ náà: ojú kan mọ́lẹ̀, ibòmíràn dúdú kirikiri, kí ó má jẹ́ pé gbogbo ògiri wà láàárín méjì. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi film grain (noise àtọwọ́dá) díẹ̀ sórí ìran wọ̀nyẹn nìkan. A sọ fún ará Abẹ́òkúta pé kí ó fọ noise kúrò, ẹ̀yin ni a wá ní kí ẹ bù ú sí i. Noise tirẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń jẹ oúnjẹ ojú ènìyàn, tiyín kò sì ju ìwọ̀n tí yóò fi da ìlà ara ògiri rú lọ.

Ìbéèrè: Mo ra dátà 1.5 GB. Fíìmù kan ṣoṣo, wákàtí méjì, ní 1080p, kò tilẹ̀ parí kí dátà tó tán. Èwo ni kí n máa yàn lórí fóònù?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀*

Ìdáhùn: 480p. Ẹ fi 450 sọ Mb/s di púpọ̀, ẹ ó rí iye MB tí wákàtí kan ń jẹ: 1 Mb/s jẹ́ MB 450, 3 Mb/s jẹ́ MB 1,350. Ẹ má ṣe ka Mb sí MB o. Mb mẹ́jọ ló di MB kan. Dátà yín lè gbé bíi 1.6 Mb/s fún wákàtí méjì, 480p kì í sábà dé ibẹ̀ lórí fíìmù tí àwọn ènìyàn ti ń jókòó sọ̀rọ̀. Lójú fóònù tí kò tóbi, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ka subtitle nìkan ni ẹ ó tọrọ 720p.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ní Àkúrẹ́ fi fídíò ìsìnkú ìyá wa ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mi ò lè dá ojú àwọn ènìyàn mọ̀. Ó ní lọ́wọ́ òun ó mọ́. Ṣé n lè tún un ṣe níbí?
*Òǹkàwé, Peckham, London*

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Èyí tó ti dé ọwọ́ yín kò ṣeé tún ṣe. WhatsApp ti gé e kí ó tó kúrò lórí fóònù ẹ̀gbọ́n yín, ohun tó yọ dànù kò sí nínú fáìlì yín mọ́. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má pa èyí tó wà lọ́wọ́ wọn rẹ́. Kí wọ́n wá fi ránṣẹ́ bí Document: wọ́n ó tẹ àmì ìsomọ́, wọ́n ó yan Document dípò Gallery, wọ́n ó sì mú fídíò náà láti inú fáìlì. Báyìí kò ní gé nǹkan kan, ó sì gba fáìlì tó tó GB 2. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n gbé e sórí Google Drive, kí wọ́n fi link rẹ̀ ránṣẹ́. Àmì HD tí WhatsApp fi sí i láti 2023 sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gé e. Kí ẹ má sì ṣe gba èyí tí ẹlòmíràn ti forward. Ọwọ́ onífídíò tàbí ọwọ́ ẹni tó yà á ni kí ẹ ti gbà á.

Ìbéèrè: Mo ní VCD fíìmù Yorùbá tó lé ní ọgọ́rùn-ún, èyí tí bàbá mi rà láyé àtijọ́. Ẹnì kan ní òun lè sọ wọ́n di HD fún mi. Ṣé òótọ́ ni?
*Olùpa-fíìmù-mọ́, Ìlọrin*

Ìdáhùn: Kò lè di HD. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó wà nínú VCD. Ìlànà rẹ̀ jáde ní 1993: MPEG-1, píksẹ́lì 352 ní ìbú àti 288 ní òró ní fìrémù 25, 1.15 Mb/s fún àwòrán, 224 kb/s fún ohùn. Àwo kan kì í sábà gbà ju ìṣẹ́jú 74 lọ, ìdí nìyẹn tí fíìmù kan fi máa ń wà nínú àwo méjì. Àpapọ̀ píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ 101,376. 1080p fi ohun tó lé ní ogún ìgbà jù ú lọ.

Ẹ ṣírò rẹ̀ bí a ti ṣírò ti ará Ìbàdàn, ẹ ó rí ohun ìyanu kan: píksẹ́lì VCD ń rí bíìtì 0.45, ìlọ́po mẹ́ta ohun tí 1080p ń rí ní 8 Mb/s. Síbẹ̀ ta ni yóò sọ pé VCD mọ́ jù? Codec rẹ̀ ti dàgbà, kò mọ ọgbọ́n tí H.264 mọ̀. Píksẹ́lì rẹ̀ kò sì tó láti gbé ojú ènìyàn tó wà lókèèrè: bí ojú òṣèré kò bá ní ju píksẹ́lì 20 lọ ní ìbú, bitrate kankan kò lè ya ìpéǹpéjú rẹ̀ sọ́tọ̀. Oúnjẹ ibẹ̀ tó, àwo ibẹ̀ ni ò tóbi.

AI tí wọ́n fi ń mú àwòrán tóbi kì í rántí ohun tí kámẹ́rà rí, àròsọ ni. Ó lè pa ilà ojú òṣèré rẹ́, ó lè sọ àrà ara àdìrẹ di nǹkan mìíràn, ó sì lè yí eyín padà. Fún iṣẹ́ tó jẹ́ ogún wa, a kò fara mọ́ ọn pé kí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ nìkan ṣẹ́ kù nílẹ̀.

Ohun tó kù fún yín láti ṣe ni kí ẹ kó wọn kúrò lórí àwo bí wọ́n ṣe wà, kí àwo tó jẹrà. Ẹ ṣí àwo lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wọ fólídà MPEGAV, ẹ ó bá fáìlì bíi AVSEQ01.DAT níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dà á sórí hard disk, lẹ́yìn náà:

ffmpeg -i AVSEQ01.DAT -c copy fiimu.mpg

Ọ̀rọ̀ -c copy yẹn ni kí ẹ má gbàgbé. Ó ń yí àpò padà láìtún àwòrán fún pọ̀. Bí ẹ bá tún un fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kódà ní bitrate gíga, díẹ̀ yóò tún sọnù lára ohun tí kò tó tẹ́lẹ̀. Bí àwo bá ti họ, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún láti àárín lọ sí etí, kí ẹ má nù ún yíká. Wákàtí kan VCD kò ju bíi MB 620 lọ. Gbogbo ọgọ́rùn-ún fíìmù yín yóò wọ inú hard disk GB 500 kan, ẹ ra méjì, kí ẹ tọ́jú wọn sí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí ẹ bá mọ ẹni tó ni fíìmù, ẹ bèèrè téèpù tí wọ́n fi yà á. Téèpù MiniDV ní píksẹ́lì 720 ní ìbú àti 576 ní òró, 25 Mb/s; ó ju ìlọ́po mẹ́rin VCD lọ ní píksẹ́lì. Okùn FireWire ni kí ẹ fi gbà á sínú kọ̀ǹpútà, GB 13 fún wákàtí kan. Àwòrán rẹ̀ jẹ́ interlaced, ìyẹn ni pé ìlà kan yàtọ̀ ní àsìkò sí ìkejì rẹ̀, tí ọwọ́ onílù yóò fi máa ṣe eyín ìyàrun bí ó bá ń yára. Ẹ tọ́jú ojúlówó bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá fi bwdif, filter inú FFmpeg tó ń mú interlace kúrò, ṣe ẹ̀dà tí ẹ ó máa wò ní fìrémù 50.

Ìbéèrè: Flash tí oníbàárà mú wá jẹ́ 32 GB. Fídíò wákàtí méjì àbọ̀ tí mo ṣe jẹ́ GB 9. Kọ̀ǹpútà ní kò sí àyè. Nígbà tí mo format rẹ̀ tó wọlé, tẹlifíṣọ̀n wọn ń gbé ohùn jáde láìsí àwòrán. Ẹ gbà mí.
*Onífídíò, Oǹdó*

Ìdáhùn: Ìṣòro méjì ni. Flash náà wà ní FAT32 tẹ́lẹ̀, ọ̀nà ìtò fáìlì kan tí kì í gba fáìlì kan tó ju GB 4 lọ bí ó ti wù kí àyè pọ̀ tó. exFAT gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kò mọ exFAT. Ọ̀nà tó dájú ni kí ẹ jẹ́ kí flash wà ní FAT32, kí ẹ sì jẹ́ kí fáìlì kéré.

Wákàtí méjì àbọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 9,000. MB 4,000 ní ọ̀nà mẹ́jọ jẹ́ Mb 32,000. Ẹ fi 9,000 pín in, ó di 3.55 Mb/s. Ẹ yọ 0.19 fún ohùn, kí ẹ tún fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àṣìṣe: 3.2 Mb/s. Bí ẹ bá fi 1080p sí 3.2, ìnáwó yóò tún fọ́ bíi ti ará Abẹ́òkúta. 720p ni kí ẹ lò. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá gbà, èyí tó sàn jù ni kí ẹ gé e sí méjì, ìsìn lọ́tọ̀, àríyá lọ́tọ̀. Ìṣẹ́jú 75 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba 6.7 Mb/s: 1080p yóò mọ́ níbẹ̀ fún ìsìn, ṣùgbọ́n fún àríyá, 720p ṣì ni kí ẹ lò. Nínú HandBrake ẹ yan Avg Bitrate, ẹ kọ 6700, kí ẹ fàmì sí Multi-Pass.

Àwòrán tí kò jáde jẹ́ ti codec. Ó jọ pé kámẹ́rà tàbí fóònù yín ń yà ní H.265, codec tó tuntun ju H.264 lọ, tàbí ní 10-bit, tí ẹ sì gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n náà mọ ohùn AAC, kò mọ àwòrán yẹn. H.264, profile High, level 4.1, 8-bit 4:2:0, MP4, ohùn AAC 192 kb/s ní 48 kHz: bí ẹ bá ti fi èyí sílẹ̀ bí preset, tẹlifíṣọ̀n díẹ̀ ni yóò kọ̀ ọ́. Kí ẹ má ju bíi 15 Mb/s lọ ní maximum fún flash, torí USB tẹlifíṣọ̀n mìíràn kì í lè ka fáìlì yára tó, fídíò yóò sì máa dúró. Ẹ fi MediaInfo, ètò tó ń sọ ohun tó wà nínú fáìlì, ṣí fáìlì kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín: ní ìlà Format ẹ gbọ́dọ̀ rí AVC (orúkọ mìíràn fún H.264), ní Bit depth ẹ gbọ́dọ̀ rí 8 bits, ní Chroma subsampling 4:2:0. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀, ẹ padà lọ tún un gbé jáde láti inú project, ẹ má gbé e jáde láti inú MP4 tí ẹ ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀.